Òòfà Kò Mọ Wúrà

Lọ́dún yìí nìkan, ó ti tó èèyàn mẹ́rin tó fi àwòrán ṣílè pupa àtijọ́ hàn mí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: “Mo ti fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò, kò gbé e. Góòlù ni.” Àbúrò ìyá mi ló dé kẹ́yìn. Inú agolo bísíkíìtì ni ìyá àgbà kó owó náà sí kí wọ́n tó papò dà, ẹyọ mọ́kànlá. Àǹtí ti ń ronú ilé tí wọ́n máa fi parí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí.

Ibi tí ṣílè náà ti wá kò fara sin. Wọ́n kọ British West Africa sí i lára, igi ọ̀pẹ wà láàárín, ọdún tí wọ́n rọ ọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń gbé owó náà jáde fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Fàdákà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rọ ọ́. Nígbà tí fàdákà wọ́n gógó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n yí i sí idẹ ní 1920. Owó tí àwọn bàbá wa fi ń ra iṣu àti epo lọ́jà ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi òòfà tí wọ́n ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì yìí, torí òun gan-an ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Òòfà ń fa irin, ó ń fa nickel, ó ń fa cobalt. Bàbà, idẹ, òjé, fàdákà, àlùmíníọ́mù, kò sí èyí tó ń fà nínú wọn. Mo yọ òòfà lára sípíkà rédíò kan tó ti bàjẹ́, mo gbé e síwájú Àǹtí. A fi kan kọ́kọ́rọ́ idẹ tí wọ́n fi ń ṣí àgádágodo ṣọ́ọ̀bù wọn, kò gbé e. A fi kan wáyà bàbà, kò gbé e. A fi kan òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n, kò gbé e. A wá fi kan ṣílè. Kò gbé e.

Mo ní, “Àǹtí, ṣé góòlù ni kọ́kọ́rọ́ yín?”

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gba òòfà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún fi kan kọ́kọ́rọ́ náà fúnra wọn.

Bí òòfà bá gbé ohun tí wọ́n pè ní góòlù, a jẹ́ pé ayédèrú ni. Bí kò bá gbé e, gbogbo ohun tí a rí mọ̀ kò ju pé kì í ṣe irin lọ. Àwọn kan tún máa ń fi eyín gé e torí pé góòlù rọ̀, ìyẹn náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Òjé náà rọ̀, eyín á sàmì sí i lára wẹ́rẹ́.

Ohun tó ṣòro fún idẹ láti fara wé ni ìwúwo góòlù. Sovereign, owó góòlù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó sì wọn gíráàmù 7.98. Ṣílè idẹ fẹ̀ jù ú lọ, ó lé ní mìlímítà 23, síbẹ̀ kò wọn tó gíráàmù 6. Èyí tó tóbi ló fúyẹ́.

Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n kékeré bíi ti àwọn tó ń ta góòlù lè ṣe jù bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn owó náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ wá fi òwú so owó náà sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Iye tó bá hàn ni kí ẹ fi pín ìwúwo àkọ́kọ́. Góòlù sovereign á fún yín ní nǹkan bíi 17 àtààbọ̀. Ti Àǹtí wọn 5.58, inú omi fi 0.66 hàn. Ẹ pín in wò: ó lé díẹ̀ ní 8. Idẹ ni.

Èyí náà kò parí gbogbo ọ̀rọ̀ o. Tungsten, oríṣi mẹ́táàlì kan, wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó góòlù, ẹni tó bá fi góòlù bò ó lè fi tan òṣùwọ̀n jẹ. Àwọn ayédèrú sovereign kan sì wà tí wọ́n rọ ní Lebanon, tó jẹ́ ojúlówó góòlù ni wọ́n fi rọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra owó góòlù tó gbówó lórí níláti gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ má sanwó ìdánwò ṣáájú fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o kó lè dán. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti bó.

Nígbà tí mo tú agolo náà tán, mo bá ẹyọ kan ní ìsàlẹ̀ tó ti dúdú, ọdún 1913 wà lára rẹ̀. Àǹtí ti yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ láti máa fi ṣeré, torí pé kò pupa. Nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá, òun nìkan ni fàdákà.