Kúùbù Wo La Lè Ṣí Nípò?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbí ní Yábàá sábà máa ń bi mí báwo ni róbọ́ọ̀tì tí wọ́n fi kúùbù kéékèèké tò jọ ṣe ń pa ara rẹ̀ dà. Rírìn kúùbù ló máa ń yà wọ́n lẹ́nu jù. Ìyẹn ti ní ojútùú: ní 2013, àwọn olùwádìí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé kúùbù róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní M-Blocks jáde. Kò lẹ́sẹ̀, kò ní táyà. Wíìlì kan ló ń yí nínú rẹ̀, ó lè yí ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí bíréèkì bá mú wíìlì náà lójijì, kúùbù á ta kìtì, mágínẹ́ẹ̀tì etí rẹ̀ á sì dì mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni pé bí kúùbù kan bá ń ṣí nípò, àkójọ àwọn tó kù kò gbọdọ̀ já sí méjì. Ẹ to horo ṣúgà onígun mẹ́rin mẹ́rin sórí tábìlì, ní ìlà kan. Ẹ yọ ọ̀kan láàárín, ó já nìyẹn. Ẹ yọ ti ìpẹ̀kun, ìyókù ṣì so pọ̀. Bó ti wù kí ẹ tò wọ́n, tí wọ́n bá ṣáà ti so pọ̀, ó kéré tán, méjì á wà tó ṣe é yọ láìjá ìyókù.

Onígun mẹ́rin mẹ́wàá péré lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè di ìrísí 4,655, láìka èyí tí a kàn yí po tàbí tí a dojú rẹ̀ dé. Ta ló fẹ́ kọ ọ̀nà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìkejì? Àwọn olùwádìí méjì, Dumitrescu àti Pach, fi hàn pé kò pọn dandan. Tó bá jẹ́ yíyọ́ ni àwọn onígun mẹ́rin náà ń yọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìta kìtì, gbogbo ìrísí ló lè di ìlà gbọọrọ. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ṣe é dá padà, nítorí náà ẹ sọ ti àkọ́kọ́ di ìlà, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn rin ọ̀nà tí ti ìkejì ì bá gbà di ìlà. Bí iye wọn bá di ìlọ́po méjì, ìṣísẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́rin.

Àwọn tó ń ta kìtì ló ṣòro, torí igun wọn ń fẹ́ àyè. Àwọn ìrísí kan wà tí ẹyọ kan ṣoṣo kò ti lè mira. Ojútùú tí olùwádìí Hugo Akitaya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní 2019 wù mí gidigidi: ẹ fi onígun mẹ́rin márùn-ún kún un láti ìta. Márùn-ún yìí á máa ran àwọn tó há lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ni wọ́n.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì ra mọ́tò kankan. Ẹ ya onígun mẹ́rin sójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ́kọ́ kọ apá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìyókù á ṣì so pọ̀.