Kí ni wọ́n ń pè ní steel frame? Ilé tí ògiri ẹ̀ ò gbé nǹkan kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ mọ̀ pé pílà ni bíríkìlà kọ́kọ́ máa ń gbé dìde, wọ́n á da díkìn lé e, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ to búlọ́ọ̀kù sáàárín. Tí lándílọ́ọ̀dù bá wá sọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ wó ògiri kan kí pálọ̀ lè fẹ̀ sí i, wọ́n á wó o, ilé ò sì ní ya. Ó dáa, ẹ wá yọ kọnkéré kúrò, ẹ fi irin ṣe gbogbo ohun tó ń gbé ilé yẹn látòkè délẹ̀, steel frame nìyẹn. Egungun ilé ni. Aṣọ lásán ni ògiri.

Kí steel frame tó tàn kálẹ̀, ògiri gan-an ló ń gbé ilé, bí ilé bá sì ṣe ń ga sí i ni ògiri ìsàlẹ̀ á máa nípọn sí i. Ilé kan tí wọ́n ń pè ní Monadnock ṣì wà ní Chicago, l'Amẹ́ríkà, dòní olónìí, apá tí wọ́n parí ní 1891 jẹ́ àjà 16, bíríkì ló gbé e, ògiri ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì nípọn tó mítà 1.8. Ẹ gbọ́ ná, géńdé ọkùnrin lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ sínú ògiri yẹn! Ìsàlẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ti ń pa owó jù lọ, ògiri ti jẹ ààyè ẹ̀ tán.

Ní Chicago yẹn náà, William Le Baron Jenney, ayàwòrán ilé kan, ti fi irin ṣe egungun ilé tí wọ́n ń pè ní Home Insurance Building ní 1885, àjà 10 péré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè é ní ilé awòṣífìlà àkọ́kọ́ láyé, àwọn kan ní rárá, pé ògiri ẹ̀ ṣì ń bá irin gbé ẹrù díẹ̀. Wọ́n ti wó o ní 1931, kí wọ́n máa jiyàn lọ jàre.

Èyí tó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe ń so irin yẹn pọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé awòṣífìlà Empire State ní New York. Ẹni mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹnì kan á máa yan ìṣó irin tí wọ́n ń pè ní rivet nínú iná títí táá fi pọ́n yòò, á fi ẹmú mú un, á jù ú sókè, nígbà míì àjà ìsàlẹ̀ lòun alára wà o, ẹnì kejì á fi agolo hán an, á kì í bọ ojú ihò, ẹnì kẹta á fi irin ti orí ẹ̀, ẹnì kẹrin á wá fi òòlù ẹlẹ́ńjìnnì lu ìdí ẹ̀ pẹlẹbẹ. Bí rivet yẹn bá ṣe ń tutù ló ń sún kì, tó ń fa irin méjèèjì mọ́ra gbagbaga. Bí wọ́n ṣe to irin 57,000 tọ́ọ̀nù nìyẹn, ilé mítà 381, àjà 102, ọjọ́ 410 ni wọ́n fi kọ́ ọ tán ní 1931.

Ní July 28, 1945, ọjọ́ Sátidé, kùrukùru bolẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ológun B-25 kan lọ rọ́ lu àjà 79. Èèyàn 14 kú, ògiri lu jáde gbàràgàdà, iná sọ. Ṣùgbọ́n egungun ò yẹ̀. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, àwọn èèyàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ àjà ilé yẹn.