Kí Ni Ilẹ̀ Ń Fi Ooru Ṣe? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Wíwọn Ìwà Ilẹ̀

Àwọn ìbéèrè yìí ló máa ń jáde tí ọ̀rọ̀ ìwádìí ilẹ̀ bá délẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin. Mo kó wọn jọ, mo sì dáhùn wọn bó ṣe yé mi.

Lóṣù kẹta, ojú ilẹ̀ Ìlọrin ń jóni lẹ́sẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé téèyàn bá fi ọkọ́ wà á díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á tutù?

Ooru kì í yára rìn nínú ilẹ̀, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Ilẹ̀ tí kò sí ewéko lórí rẹ̀ lè gbóná kọjá 50°C lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Kó tó di ìdájí, ó ti lè tutù padà sí nǹkan bí ìdajì iye yẹn. Ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru yìí ló ń dín kù bí a ṣe ń wọlẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, tí a bá dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ohun tó kù nínú ìyàtọ̀ náà fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Tí a bá dé 30, bí ìdá 5 nínú 100 péré ló kù.

Ó tún ń pẹ́. Ooru ọ̀sán á fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin pẹ́ kó tó dé sẹ̀ǹtímítà 10, àti bíi wákàtí mọ́kànlá kó tó dé 30. Ìyẹn ni pé ooru tó mú jù, tó bọ́ sí àsìkò ìrun àìlà, kò ní kan ibi tí iṣu wà títí di ọ̀gànjọ́. Àwa ti sùn, ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n nísàlẹ̀ ni.

Ṣé ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń dé ebè lórí?

Ìdí náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbé tẹmómítà lọ oko nígbà náà. Àgbẹ̀ tó gbin iṣu ṣáájú òjò á kó koríko gbígbẹ sórí ebè, á sì fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sínú koríko kì í jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà gbà, ọ̀rinrin abẹ́ rẹ̀ ò sì ní tètè gbẹ. Ẹ̀bù tí kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀ lè jẹrà kí òjò tó dé. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìwádìí gidi nìyẹn, wọn ò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Kí gan-an wá ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n?

Tẹmómítà á sọ pé ilẹ̀ gbóná, kò ní sọ ìdí. Ìwà ilẹ̀ ni wọ́n ń wá: bó ṣe ń gbé ooru kọjá, bí ooru tó lè gbà mọ́ra ṣe pọ̀ tó, bó ṣe ṣù pọ̀ mọ́ra sí, àti iye omi àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò rẹ̀.

Ẹ wo iye wọ̀nyí, ní òṣùwọ̀n wáàtì fún mítà kan fún dígíríì kan. Nínú gbígbé ooru kọjá, afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ jẹ́ 0.025, omi jẹ́ 0.6, òkúta quartz tó pọ̀ nínú yanrìn sì súnmọ́ 8. Síbẹ̀, yanrìn gbígbẹ kì í sábà ju 0.3 lọ. Ibi tíńtín ni hóró yanrìn ti ń fara kan ara wọn, afẹ́fẹ́ ló gba ìyókù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bu omi díẹ̀ sí i, omi yẹn á lọ jókòó síbi tí hóró ti fara kanra, á di afárá fún ooru. Tí omi bá kún un, iye náà lè kọjá 1.5.

Omi yìí kan náà ló tún ṣòro láti mú gbóná. Lítà omi kan ń gba ooru tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí òkúta tó gba àyè kan náà ń gbà. Nítorí náà, ilẹ̀ àkùrọ̀ àti ilẹ̀ orí yangí lè wà lábẹ́ oòrùn kan náà kí ìwà wọn má jọra rárá. Omi ni ọ̀gá níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kí ló sì ti yí padà?

Èyí tó lọ́jọ́ lórí ni ti ààrò. Wọ́n á fi òrùka irin gé ilẹ̀ jáde láìjẹ́ kó fọ́, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi sínú ààrò oníná ní 105°C fún wákàtí 24, wọ́n á tún un wọ̀n. Ohun tó dín kù ni omi. Títí dòní, èyí ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀rọ tuntun wò. Àléébù rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ẹ ti gbẹ́ kúrò, ẹ ò lè padà wá wọ̀n ọ́n lọ́la.

Ní 1980, Topp, Davis àti Annan ní Kánádà fi hàn pé àmì iná mànàmáná tó ń sá gba ara ọ̀pá irin tí a rì sílẹ̀ lè sọ iye omi tó wà níbẹ̀, torí omi ń fa àmì náà sẹ́yìn ju òkúta àti afẹ́fẹ́ lọ. Ní 1991, Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ méjì jáde, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6. Ọ̀kan á gbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, èkejì á máa ṣọ́ ìgbà tí ooru dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ìdánwò kan ṣoṣo yẹn á sọ bí ilẹ̀ ṣe ń gbé ooru àti bó ṣe ń gbà á mọ́ra. Nígbà tó di 1999, Ren, Noborio àti Horton so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sórí ẹ̀rọ kan.

Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ìwádìí ti yíjú padà. Tẹ́lẹ̀, ooru ni wọ́n ń wá. Ní báyìí, ooru ni wọ́n fi ń wá omi: ẹni tó bá mọ iye ooru tí ilẹ̀ gbà mọ́ra lè ṣírò omi inú rẹ̀, torí ti òkúta kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọ́n tún ti mú un gbòòrò. Okùn fáíbà, irú èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń rì sábẹ́ oko báyìí, tí wọ́n á sì máa ka ooru ní gbogbo ibi tó gbà kọjá.

Àmọ́ abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́gẹ́. Tó bá tẹ̀ débi pé àlàfo yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ìṣirò ooru tí ilẹ̀ gbà mọ́ra á fi bí ìdá 3 nínú 100 yẹ̀. Nínú ilẹ̀ wa tó kún fún yangí àti òkúta wẹ́wẹ́, ẹni tó bá fi tagbára-tagbára tì í wọlẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Sátẹ́láìtì ò lè bá wa wò ó látòkè ni?

Ó ń wò ó. SMOS ti Yúróòpù gbéra ní 2009, SMAP ti Amẹ́ríkà ní 2015. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 òkè ni wọ́n ń rí, ojú kan nínú àwòrán SMAP sì fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 36. Ìlọrin pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oko ẹ̀bá rẹ̀, iye kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á pín. Ìyẹn ò lè sọ fún ẹni tó gbin ànàmọ́ ní Ọ̀fà bóyá oko tirẹ̀ ti gbẹ.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti lè ṣírò rẹ̀ láìwọn nǹkan kan. Òótọ́ ni?

Ìdajì òótọ́ ni. Ìlànà ìṣirò ti wà láti ọjọ́ àwọn onímọ̀ bíi de Vries ní 1963 àti Johansen ní 1975: ẹ mú iye yanrìn, amọ̀, omi àti ìwúwo ilẹ̀ wá, á bá yín fojú díwọ̀n bó ṣe ń gbé ooru. Ní báyìí, wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó fúnra rẹ̀ kọ́gbọ́n látinú dátà. Àmọ́ ilẹ̀ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ dátà yẹn ti wá. Mi ò ní gbára lé e lórí yangí Òmù-Àrán láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Yàtọ̀ sí àgbẹ̀, ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ó kan ẹni tó ń ri wáyà iná mọ́lẹ̀. Wáyà ń gbóná, ilẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbé ooru náà kúrò. Ilẹ̀ tó bá gbẹ ò lè gbé e. Ní 1998, wáyà ńlá mẹ́rin tó ń gbé iná wọ àárín ìlú Auckland ní New Zealand bàjẹ́ tẹ̀lé ara wọn, òkùnkùn sì gba ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilẹ̀ tí kò gbé ooru kúrò tó bí wọ́n ṣe rò wà lára ohun tí ìwádìí kà sílẹ̀.

Ní Kwara ńkọ́?

Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, NCAM, wà ní Ìdófìàn. Ní àwọn ọdún 1990 sì ni Yunifásítì Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ àwọn ibùdó àgbáyé tó ń wọn ìtànṣán oòrùn àti eruku ọyẹ́. Oòrùn yẹn ni oúnjẹ ooru inú ilẹ̀, torí náà ìpìlẹ̀ dára.

Kí ni mo lè wọ̀n fúnra mi?

Ẹ gé agolo mílíìkì lórí àti nídìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, kí ẹ gbé e jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní dín mọ́, kí ẹ wá fi iye àyè inú agolo náà, ní sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì, pín iye gíráàmù erùpẹ̀ náà láìka agolo mọ́ ọn. Tó bá kọjá 1.7 nínú ilẹ̀ oníyanrìn, tàbí 1.5 nínú ilẹ̀ alámọ̀, gbòǹgbò ń jìyà. Fún ooru, ẹ wá tẹmómítà tó lè ka 60°C. Èyí tí wọ́n ń kì sí abíyá ní ọsibítù, 42 ló sábà máa ń parí sí. Ẹ ti tẹmómítà náà wọlẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 5 àti 20, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, lábẹ́ koríko àti níbi tó ṣófo, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.