Roustabout: ipò àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rig epo

Bí èèyàn kò bá tíì ṣe iṣẹ́ epo rọ̀bì rí, tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà, ipò kan wà tó ṣì lè gbà wọlé. Roustabout ni wọ́n ń pè é. Òun ni òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ jù láàárín àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo lórí rig, ìyẹn àgbékalẹ̀ irin gàgàrà tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀ lu títí wọ́n á fi kan epo. Roustabout ló ń gbé ẹrù, òun ló ń fọ ilẹ̀ tí epo àti ẹrẹ̀ ti bà jẹ́, òun ló ń ha ìpẹtà kúrò lára irin kó tó kùn ún lọ́dà, òun náà ló sì ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ kirénì. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń pàṣẹ lórí rig lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ni kò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n tọ̀ lọ, nítorí náà gbájúẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí wọn.

Ohun tó ń ṣi wọ́n lọ́nà jù ni pé wọ́n rò pé iléeṣẹ́ tí a ń rí orúkọ rẹ̀ ní ilé epo ló ni rig. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ bíi Shell, BP tàbí Chevron ló gba ẹ̀tọ́ láti wa epo níbì kan. Òun ló ń sanwó kànga náà, òun ló sì ń sọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹ sí àti bó ṣe máa jìn tó. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe ló sábà máa ń ni rig fúnra rẹ̀, òun ló sì gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣe ni iléeṣẹ́ epo ń háyà rig náà, tó ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Transocean, Noble, Valaris àti Seadrill wà lára àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ní rig orí òkun. Nabors àti Helmerich & Payne gbajúmọ̀ fún ti orí ilẹ̀.

Ìjàǹbá Deepwater Horizon jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Nígbà tí rig náà bú gbàmù ní Gulf of Mexico ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, BP ni gbogbo ayé ń dárúkọ, nítorí kànga BP ni. Síbẹ̀, Transocean ló ni rig. Nínú àwọn èèyàn 11 tó kú, òṣìṣẹ́ Transocean ni 9, àwọn 2 yòókù sì ń ṣiṣẹ́ fún M-I SWACO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga. Kò sí òṣìṣẹ́ BP kankan nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ roustabout, tó wá ń fi ìwé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ epo nìkan, ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ló ń kàn. Ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ni rig ló yẹ kó lọ, lójú òpó íntánẹ́ẹ̀tì agbaṣẹ́ṣe náà gan-an, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn ipò tó ṣófo sí.

Kí iṣẹ́ náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ kó mọ bí rig ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin líle kan tí wọ́n ń pè ní bit ló ń jẹ àpáta lọ sísàlẹ̀. Páìpù irin ni wọ́n dè mọ́ ọn lókè. Ẹyọ kan gùn tó nǹkan bíi mítà 9.5, bí ihò bá sì ṣe ń jìn sí i ni wọ́n ń so òmíràn mọ́ ọn. Kànga tó jìn tó mítà 3,000 kì í ṣe ohun àràmàǹdà, páìpù tó lé ní 300 sì nìyẹn. Inú páìpù yìí ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ti ẹrẹ̀ àkànṣe kan lọ sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ náà á jáde lẹ́nu bit, á tù ú kó má baà gbóná jù, á wá gba ẹ̀yìn páìpù gòkè padà pẹ̀lú èérún àpáta tí bit ti gé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ ẹrẹ̀ yìí ni ìwúwo rẹ̀. Òun ló ń tẹ epo àti gáàsì inú ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà tú jáde lójijì.

Páìpù wọ̀nyẹn, àpò kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ ẹrẹ̀, dísù, oúnjẹ àti ohun èlò gbogbo, ọkọ̀ ló ń kó wọn wá, ọwọ́ roustabout ni wọ́n sì ń gbà dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bí kirénì bá ń gbé ẹrù bọ̀, ẹnì kan á máa fọwọ́ júwe fún ẹni tó ń wa kirénì, ẹlòmíràn á di okùn tí wọ́n so mọ́ ẹrù náà mú kó má baà máa fì. A kì í fọwọ́ ti ẹrù tó rọ̀ sókè, a kì í sì í dúró sábẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí okùn irin náà lágbára tó. Ẹni tí kò bá lè fi òfin yìí sọ́kàn nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tí òjò ń rọ̀, tí ilẹ̀ ti ṣú, kó wá iṣẹ́ mìíràn. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Wákàtí 12 ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́, nítorí rig kì í sùn: bí àwọn kan ṣe ń lọ sinmi ni àwọn mìíràn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní orí òkun, èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ 2 níbẹ̀ kó sì lo ọ̀sẹ̀ 2 nílé, tàbí kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Iléeṣẹ́ ló ń pèsè oúnjẹ àti ibùsùn, àmọ́ ọtí di èèwọ̀, wọ́n sì máa ń yẹ ara òṣìṣẹ́ wò bóyá ó mu oògùn olóró. Ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú á máa kọjá nígbà tí èèyàn wà lórí omi. Ó yẹ kí ẹni tó ní ìdílé ti bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ èyí kó tó fọwọ́ síwèé.

Lẹ́yìn roustabout ni roughneck, tí àwọn mìíràn ń pè ní floorhand. Orí pẹpẹ tí ihò kànga wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni òun ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń so páìpù tí wọ́n sì ń tú u. Derrickhand ló tẹ̀ lé e. Òun ló máa ń gun òpó rig lọ sókè, nǹkan bíi mítà 27 sí orí pẹpẹ, láti to orí páìpù, òun náà ló sì ń mójú tó ẹrẹ̀. Lókè rẹ̀ ni assistant driller, lẹ́yìn náà driller tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn náà toolpusher tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn. Iye ọdún tó ń gbà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Lórí àwọn rig tuntun, ẹ̀rọ ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí roughneck ń fọwọ́ ṣe tẹ́lẹ̀, irú bíi dídè páìpù, nítorí náà agbára nìkan kò tó mọ́. Ẹni tó bá lóye ẹ̀rọ, tó sì lè ka ìlànà iṣẹ́ kó yé e, ni wọ́n máa ń tètè gbé ga.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló ń na èèyàn lówó jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣòfò. Fún orí òkun, èyí tí wọ́n ń béèrè ní ọ̀pọ̀ ibi ni BOSIET, tí àjọ OPITO ń ṣètò ìlànà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ 3 ni, ọdún 4 ló sì ń lò kó tó di pé èèyàn tún un ṣe. Wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ bí a ṣe ń pa iná, bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa, bí èèyàn ṣe lè wà láàyè nínú òkun, àti bó ṣe lè jáde kúrò nínú hẹlikópítà tó já sínú omi. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn jù: wọ́n á de èèyàn mọ́ àga nínú ohun tí wọ́n ṣe bíi hẹlikópítà, wọ́n á rì í sínú adágún omi, wọ́n á sì dojú rẹ̀ dé, kí ó tú bẹ́líìtì rẹ̀ kó sì gba ojú fèrèsé jáde. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ èèyàn wò pẹ̀lú kó tó lè lọ sórí òkun. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ààbò tí wọ́n ń pè ní RigPass àti SafeGulf ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ń béèrè. Fún rig orí ilẹ̀, ẹ̀kọ́ hẹlikópítà kò kan èèyàn rárá, ìdí nìyí tí mo fi rò pé orí ilẹ̀ ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀kọ́ ìdarí kànga fún yín, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń dènà kí epo àti gáàsì má baà tú jáde lójijì, irú bíi IWCF tàbí WellSharp, pé òun ló máa jẹ́ kí wọ́n gbà yín bí roustabout. Driller àti àwọn tó wà nítòsí ipò rẹ̀ ló nílò rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí agbaṣẹ́ṣe kọ pé òun ń béèrè fún ipò náà kí ẹ tó sanwó ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gba èèyàn ni wọ́n ń fi owó ara wọn rán an lọ kọ́ṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ààbò yìí lè dà bí àṣejù lójú ẹni tí kò mọ Piper Alpha. Pẹpẹ tó ń fa epo àti gáàsì ni, nínú òkun North Sea, ní tòsí Scotland. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1988, wọ́n yọ ohun tó ń dín ìfúnpá kù kúrò lára ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe, wọ́n sì fi ìdérí dí ojú ibẹ̀. Ìwé tó yẹ kó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò tíì ṣeé lò kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ kejì dákú, wọ́n tan ti àkọ́kọ́. Gáàsì tú jáde, iná ràn, èèyàn 167 sì kú. Lord Cullen ló ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, àbá 106 ló sì wà nínú ìròyìn tó gbé jáde ní ọdún 1990. Ìwé yẹn, tí wọ́n ń pè ní permit to work, ni roustabout máa bá pàdé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń dá iṣẹ́ dúró nítorí ìbuwọ́lùwé kan, ẹ rántí àwọn èèyàn 167 náà.

Ìgbà tí èèyàn wáṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Bí owó epo bá já wálẹ̀, rig á dúró sójú kan, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá padà sílé. Láàárín ọdún 2014, àgbá epo kan lé ní $100. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2016, kò tó $30 mọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2020, iye tí wọ́n ń dá lé epo Amẹ́ríkà lọ́jà tilẹ̀ wálẹ̀ kọjá òdo. Baker Hughes, iléeṣẹ́ kan tó ń pèsè ẹ̀rọ àti iṣẹ́ fún àwọn tó ń wa epo, ti ń ka iye rig tó ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1944, ó sì ń gbé ti Amẹ́ríkà àti Kánádà jáde lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí iye yẹn bá ń gòkè fún oṣù mélòó kan léraléra, àwọn agbaṣẹ́ṣe ń wá ọwọ́ nìyẹn. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ máa fi ìwé ránṣẹ́ ná, àmọ́ ẹ má fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀.

Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́, wẹ́dà, mẹkáníìkì, ọkọ̀ ìpẹja tàbí iṣẹ́ ológun ní ohun tó lè kọ sínú CV rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó mọ iṣẹ́ agbára, tó ń dé lásìkò, tó sì lè gbé pẹ̀lú àwọn tí kò bá tan. Ọ̀nà mìíràn tún wà: àwọn tó ń se oúnjẹ tó sì ń tọ́jú yàrá lórí rig orí òkun, agbaṣẹ́ṣe oúnjẹ ló ń gbà wọ́n. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé á mọ àwọn ọ̀gá lójúkojú, wọ́n á sì mọ òun náà.

Ní ti gbájúẹ̀, àmì wọn kò le láti dá mọ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ á dé láìsí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, orúkọ iléeṣẹ́ epo ńlá á wà lórí rẹ̀, owó oṣù á pọ̀ bíi ti driller, ímeèlì tó fi ránṣẹ́ á sì jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè owó físà tàbí owó ìwé. Agbaṣẹ́ṣe gidi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́. Owó ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èyí: iléèkọ́ tí OPITO fọwọ́ sí ni ẹ máa san án fún, orúkọ wọn sì wà lójú òpó OPITO.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ múra sílẹ̀ de ìbéèrè kan dájúdájú: bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ ṣe ohun tí ẹ rí pé ó léwu, kí lẹ máa ṣe? Àwọn kan rò pé ìgbọràn ni wọ́n ń wá, wọ́n á ní àwọn máa ṣe é. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé ẹ máa dá iṣẹ́ náà dúró, ẹ sì máa sọ ìdí rẹ̀. Lórí rig tó létò, ẹnikẹ́ni ló ní àṣẹ yẹn, títí kan roustabout tó dé lánàá. Nínú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, akoto tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni ẹni tuntun máa ń dé fún oṣù mélòó kan, kí gbogbo èèyàn lè máa ṣọ́ ọ. Ní àkókò yẹn, ẹ béèrè gbogbo ohun tí kò bá yé yín, kódà bí ẹ bá ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.