Ọfà Lálọ, Àwòdì Lábọ̀

Bí gíláídà oní-rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ òfurufú ìṣeré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbé ròkè, tó sì ń rábàbà bọ̀ wálẹ̀, bá gbéra nílẹ̀, tó tàkìtì lẹ́ẹ̀mejì, tó sì forí gbálẹ̀, ẹnì kan kì í ṣaláì sọ láàárín àwọn òǹwòran pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló kéré. Kí wọ́n fi èyí tó lágbára sí i, á lọ tààrà. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ti fọ́ púpọ̀ nínú igi balsa, igi fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ̀tù dúdú ń gbé sókè kì í ṣe nǹkan àná. Orville Carlisle, ẹni tó ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní Nebraska, ṣe tirẹ̀ ní 1954. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ń wá bí yóò ṣe máa fi apá bọ̀ wálẹ̀ dípò páráṣúùtù. Bí wọ́n ṣe ń gé apá, bí wọ́n ṣe ń fi sáńpépà dán an, bí wọ́n ṣe ń lẹ ìrù mọ́ igi ẹ̀yìn, ẹni tó bá mọ abẹ lò á mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Òkè ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo gíláídà náà láìsí ẹ́ńjìnnì lára rẹ̀. Wọ́n á jù ú jẹ́ẹ́ lórí koríko. Bó bá ń gbé imú sókè tó ń já wálẹ̀, tó tún ń gbé imú, wọ́n á lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ imú rẹ̀. Bó bá ń dorí kodò, wọ́n á bu amọ̀ kúrò. Amọ̀ tí à ń wí yìí lè má tó hóró àgbàdo kan. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, á máa lọ ní bíi mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé apá rẹ̀ á sì bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba.

Wàyí o, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e. Kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan, eré rẹ̀ lè ti tó mítà 30, ìlọ́po 6 eré ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tó ń gbé apá kì í bá eré rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Bí eré bá di ìlọ́po 6, agbára náà á di 6 lọ́nà 6, ìyẹn 36. Apá tó ń gbé ìwúwo kan wá ń fa ìwúwo 36. Imú á yí sẹ́yìn, ó di tàkìtì.

Báwo ni òbìrí tàkìtì náà ṣe fẹ̀ tó? Ẹ mú eré tó fi ń rábàbà, ẹ sọ ọ́ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 9.8, iye tí òòfà ilẹ̀ fi ń fa nǹkan wálẹ̀. Mítà 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Tí a bá pín in, ó lé díẹ̀ ní mítà 2 àbọ̀ láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀. Yàrá kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ẹ wò ó dáadáa: eré ẹ́ńjìnnì kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ẹ́ńjìnnì kékeré á yí i po nínú òbìrí yìí, ẹ́ńjìnnì ńlá á yí i po nínú òbìrí kan náà, àfi pé tirẹ̀ á tètè dé ilẹ̀.

Ọfà kì í tàkìtì. Irin orí rẹ̀ wúwo, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ fúyẹ́, ibi tí orí bá kọjú sí ni ìdí ń tẹ̀ lé. Àwòdì ní tirẹ̀ na apá, kò kánjú, ó ń rábàbà. Ohun tí wọ́n ń bẹ gíláídà yìí ni pé kó jẹ́ ọfà lálọ, kó sì di àwòdì lábọ̀. Ọdẹ tó bá ní irú ọfà bẹ́ẹ̀ kò ní wá ọfà nínú igbó mọ́ láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní rí ẹran pa pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni pé wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sínú àkọ̀ kan tí wọ́n fi páálí ká, wọ́n sì fi ìkọ́ so àkọ̀ náà mọ́ imú gíláídà. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó gùn ní 70, ó kàn ju ìka ọwọ́ lọ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lára igi balsa, irin orí ọfà ni. Ó tẹ imú wálẹ̀, apá wá ń fi etí la afẹ́fẹ́ kọjá, agbára tó ń gbé e kò sì tó nǹkan mọ́. Ó ń lọ sókè tààrà.

Wọ́n á ti kọ B6-4 sí ara ẹ́ńjìnnì. B ni gbogbo ipá inú rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń tì lọ́nà iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi tì, tí kò gbọ́dọ̀ ju 5 newton-second lọ; 6 ni iye newton, òṣùwọ̀n agbára, tó fi ń tì ní ìpíndọ́gba. 4 yẹn ló dùn jù. Nígbà tí ẹ̀tù tó ń tì í bá jó tán, nǹkan mìíràn á máa rọra jó fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kò ní tì í, èéfín lásán ló ń tú, gíláídà sì ń fi eré tó ti ní gùnkè. Lẹ́yìn náà ni iná kan ẹ̀tù kékeré tó wà níwájú, tó bú síwájú. Ìdérí àkọ̀ á fò jáde pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù, àkọ̀ fúnra rẹ̀ á ta sẹ́yìn, á yọ kúrò lára ìkọ́, á sì bọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni ìwọ̀n gíláídà padà síbi tí hóró amọ̀ yẹn fi í sí lórí koríko.

Kò sí bátìrì níbẹ̀, kò sí aago, kò sí jíà. Ohun tó gbé e ròkè náà ló tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ló ka àkókò, òun ló sì já ara rẹ̀ dànù. Vern Estes, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré sílẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbà á lọ́nà mìíràn: ẹ́ńjìnnì wà nídìí, tó bá sì ti bọ́, rọ́bà á fa àwọn pátákó kéékèèké ẹ̀yìn apá sókè. Àwọn kan tún wà tí wọn kò gbà kí nǹkan kan já bọ́ rárá, apá ni wọ́n ń mú kó sún tàbí kó ṣí lókè. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, àmọ́ ohun tó lè há ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àkọ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà mìíràn rìbọ́ọ̀nù á kọ́ ìrù gíláídà, àwọn méjèèjì á máa fa ara wọn bọ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe eré yìí ń pè é ní Red Baron, orúkọ ìnagijẹ awakọ̀ òfurufú Jámánì tó já ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn bọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n yàn bá sì pọ̀ jù, gíláídà á ti dorí kodò, á ti ń sáré bọ̀ kí ẹ̀tù tó bú. Apá lè ya níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó fò dáadáa jù ló ń sọnù jù. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń dìde láti ilẹ̀ bá bá a pàdé, á máa yí po, á máa ga sí i, títí yóò fi di tóótó lójú. Àwọn tó ń bára wọn díje máa ń so òwú tó ń rọra jó mọ́ rọ́bà ìrù rẹ̀: bí òwú bá jó dé rọ́bà, rọ́bà á já, ìrù á gbé sókè, gíláídà á sì jókòó sórí afẹ́fẹ́ bọ̀ wálẹ̀. Àwọn tí kò so òwú ń kọ nọ́ńbà fóònù sábẹ́ apá.