Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tọpa Àṣìṣe Dókítà ní Amẹ́ríkà

Láti ọdún 1990, òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé ẹni tó bá san owó gbà-máà-bínú lórúkọ dókítà gbọ́dọ̀ fi tó National Practitioner Data Bank, ibi tí ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ nípa irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí, létí láàárín 30 ọjọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ 66,426 irú owó bẹ́ẹ̀ wò, èyí tí wọ́n san láàárín 2005 sí 2014, wọ́n rí i pé ìdá 1 péré nínú 100 gbogbo dókítà ló ni ìdá 32 nínú 100 rẹ̀. Àmọ́ kíkà ẹjọ́ lásán kò lè sọ bóyá ọwọ́ ẹnì kan ni àṣìṣe ti ń wá, tàbí ibi tí dókítà kan ti ń fa aláìsàn lé òmíràn lọ́wọ́ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí àwọn dókítà ṣe so mọ́ra wọn hàn, ti wúlò.

Dókítà kọ̀ọ̀kan di àmì kan lórí àwòrán. Ìdí okùn tó ń so àmì méjì pọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìwé owó Medicare, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó ìtọ́jú, ni wọ́n sábà máa ń lò: bí dókítà méjì bá tọ́jú aláìsàn kan náà láàárín ọdún kan, okùn ti so wọ́n nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo aláìsàn kan tó rí dókítà 20. Òun nìkan á ta okùn 190, á sì da gbogbo àwòrán rú. Nítorí náà, dípò kí okùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn 1, wọn á jẹ́ kó wọn 1/19. Lẹ́yìn èyí, wọn á gé àwọn okùn tí kò lágbára. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n bi àwọn dókítà fúnra wọn léèrè, ó tó kí méjì ní aláìsàn 9 ní àpapọ̀ kí ìdá 82 nínú 100 tó jẹ́rìí pé àwọn mọ ara àwọn lẹ́nu iṣẹ́. Àléébù kan wà níbẹ̀: àgbàlagbà tó ti lé ní 65 ló pọ̀ jù nínú Medicare, nítorí náà dókítà tó ń gbẹ̀bí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹjọ́ wọn kì í jẹ́ kí agbẹjọ́rò sinmi.

Ó wá kan kíkùn àmì àwọn tí wọ́n ti pè lẹ́jọ́. Fáìlì tí Data Bank ń tú síta kò ní orúkọ, kò ṣeé so mọ́ àwòrán. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tó ti parí ní ìpínlẹ̀ Florida ní orúkọ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí ìpalára ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Ẹjọ́ lè fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí dókítà náà ti kúrò ní ọsibítù yẹn tipẹ́.

Bí àwọn àmì tí wọ́n kùn bá wá so mọ́ra wọn ńkọ́? Kò tíì tó nǹkan. Lọ́dọọdún, bí ìdá 19.1 nínú 100 àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́, tàwọn dókítà ọmọdé kò ju 3.1 lọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ a sì máa jọ tọ́jú aláìsàn kan náà, wọn á kúkú kóra jọ síbì kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi okùn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á wá da ẹjọ́ pọ̀, kí wọ́n tún un pín láàárín àwọn dókítà tí iṣẹ́ àti àgbègbè wọn bára mu, nígbà 1,000. Bí iye okùn tó so dókítà méjì tí wọ́n jọ ní ẹjọ́ ní tòótọ́ bá ga ju ti ìgbà 950 lọ nínú 1,000 yẹn, ó ti ju ohun tó kàn ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ náà, kò tíì sọ ẹni tó jẹ̀bi. Dókítà tó ń ka àwòrán X-ray máa ń wà láàárín gbùngbùn gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí gbogbo ẹ̀ka ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Òǹṣèwé tó bá pe ìyẹn ní ẹ̀rí kò mọ ọsibítù. Àmì tí wọn kò kùn náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ọwọ́ mọ́: ọsibítù lè sanwó lórúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n yọ orúkọ dókítà kúrò nínú ẹjọ́, kò sì ní dé Data Bank. Nínú àwọn tí àìbìkítà ṣe léṣe ní àwọn ọsibítù New York lọ́dún 1984, kò tó ìdá 2 nínú 100 tó pẹjọ́.