Ìrora ọrùn tó ń sọ̀ sí apá: eegun kọ́ ló yẹ̀

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbí, bí ìrora bá gbéra láti ọrùn, tó gba èjìká dé ìka ọwọ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún èèyàn ni pé: "Eegun ọrùn ẹ ló yẹ̀, lọ bá ẹni tó máa fà á padà." Láti ọjà Ouando dé ìdí zemijan (ọ̀kadà akérò), ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó sì léwu.

Eegun ò yẹ̀. Eegun méje ló wà lọ́rùn, tìmùtìmù sì wà láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí awọ tìmùtìmù kan bá ya, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ síta, á tẹ iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí apá. Òun ni àwọn dókítà wa ń pè ní hernie discale. Bó bá jẹ́ láàárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà, àtàǹpàkò ló sábà máa ń kú tipiri. Bó bá jẹ́ láàárín ìkẹfà àti ìkeje, ìka àárín ni.

Kò sí ọwọ́ tó lè ti ohun tó yọ yẹn padà. Ara fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ. Oògùn ìrora á ràn wọ́n lọ́wọ́ (kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín má dá ibuprofen lò o), àti eré ìdárayá tí kiné (ẹni tó ń fi eré ìdárayá wo ara sàn) bá kọ́ wọn. Bí ìrora ò bá lọ, abẹ́rẹ́ wà, iṣẹ́ abẹ náà sì wà.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun apá àti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n inú eegun ọrùn ni òpó ẹ̀jẹ̀ méjì gbà lọ sí ọpọlọ. Bí wọ́n bá lọ́ ọrùn kó dún, òpó yẹn lè ya, kó sì di rọpárọsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lè má dìde mọ́.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ kankan: ẹni tí ohun ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń há yẹn. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lọ́ ọrùn rẹ̀ lọ́nà.